Àwọn Nọ́ọ̀sì Tí Ń Tọ́jú Ìkókó: Kí Ní Ń Mú Wọn Dúró, Kí Ní Ń Lé Wọn Lọ?

Ọmọ tí a bí tí kò ké, ìyá rẹ̀ ni yóò ké. Gbogbo abiyamọ ló mọ ọ̀rọ̀ yìí. Bí ìkókó bá bọ́ sílẹ̀ tí ó sì figbe ta, tẹ̀rín tọ̀yàyà ni ilé fi ń gbà á, wọn a sì máa wá oyin àti iyọ̀ sílẹ̀ de ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn wà tí kì í gbóhùn sókè. Òmíràn a dé kí oṣù rẹ̀ tó pé, kò ní tóbi ju ẹyẹlé lọ. Òmíràn ẹ̀wẹ̀, ojú àti ara rẹ̀ a pọ́n bí ìyeyè ní ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta. Irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í bá ìyá wọn lọ sílé. Wọn a gbé wọn lọ sí wọ́ọ̀dù kan tí ó gbóná bí ẹ̀bá ààrò, tí a kì í jẹ́ kí ẹbí ya wọ̀ bó ṣe wù wọ́n. Níbẹ̀, àwọn nọ́ọ̀sì ló ni ọ̀sán, àwọn náà ló ni òru.

Àwọn nọ́ọ̀sì wọ̀nyí ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí lọ́sẹ̀ yìí. Dókítà a wọlé, a yẹ ọmọ wò, a kọ̀wé, a sì jáde. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀, àwọn aláìsàn mìíràn ń retí rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni kì í jáde. Ìbéèrè tí mo sì fẹ́ kí á jọ yẹ̀ wò nìyí: kí ní ń mú kí ẹni tí ó kàwé, tí ó lè ríṣẹ́ mìíràn ṣe, máa bá irú iṣẹ́ yìí lọ? Kí sì ní ń mú kí ẹlòmíràn, tí ó fẹ́ràn rẹ̀ tọkàntọkàn, di ẹrù rẹ̀ kí ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀? Ọ̀rọ̀ náà kàn yín, ẹ̀yin ìyá wa lọ́jà àti ẹ̀yin tíṣà. Ọmọ-ọmọ yín ni wọ́n ń tọ́jú. Àwọn ọmọbìnrin yín, tí ẹ fi èrè ọjà àti owó oṣù rán lọ sí ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, ló sì ń ṣe iṣẹ́ náà.

Ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà ní 2018 fi hàn pé nínú 1,000 ọmọ tí a bí láàyè, 39 ni kì í lo oṣù kan láyé. Èyí tí wọ́n ṣe tẹ̀ lé e ní 2023 sí 2024 sọ pé 41 ni. Ẹ kíyè sí i pé kò dín. Àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé sì ti fẹnu kò pé bí ó bá fi máa di 2030, iye náà kò gbọdọ̀ ju 12 lọ níbikíbi. Ohun mẹ́ta ló ń pa èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ yìí: àìpé oṣù, àìlèmí dáadáa nígbà ìbí, àti àrùn tí ó wọ inú ẹ̀jẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí a lè gún ní abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo kí a sì lọ sùn. Ìṣọ́ ni wọ́n ń fẹ́, láti wákàtí dé wákàtí.

BÍ ÒRU KAN TI Ń RÍ

Ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé kò mọ bí a ti í fa ọmú kí a sì gbé e mì. Nọ́ọ̀sì a ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gba imú tàbí ẹnu rẹ̀ lọ sí inú ikùn, a sì máa fi wàrà ìyá rẹ̀ sí i díẹ̀díẹ̀, ní wákàtí méjì-méjì tàbí mẹ́ta-mẹ́ta. Ní ìbẹ̀rẹ̀, wàrà náà lè má kún ṣíbí kékeré kan. Bí a bá kánjú, ọmọ yóò pọ̀ ọ́, ó sì lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ọmọ bẹ́ẹ̀ a tún máa gbàgbé láti mí. Mo ní gbàgbé: a dákẹ́ bí ẹni tí ń sùn, ètè rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí dúdú, bí ẹnikẹ́ni kò bá sì tètè fi ìka rin ín ní àtẹ́lẹsẹ̀ kí ó lè rántí, ó parí nìyẹn. Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà mélòó kan kí ilẹ̀ tó mọ́. Ara rẹ̀ kò lè pa ooru mọ́. Bí òtútù bá mú un, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè wálẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀. Iṣan tí a ó gba inú rẹ̀ fa omi sí i lára fẹ́rẹ̀ẹ́ má nípọn ju òwú ìránṣọ lọ. Ọ́síjìn pàápàá ní ìwọ̀n tirẹ̀: bí ó bá kéré jù, ọpọlọ a bàjẹ́; bí ó bá sì pọ̀ jù fún ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé, ojú rẹ̀ lè fọ́.

Àwọn oníṣègùn ìkókó ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fi ìlànà lélẹ̀ pé ọmọ tí àìsàn rẹ̀ le jù, kí nọ́ọ̀sì kan dúró ti òun nìkan. Àwọn tí tiwọn le díẹ̀, méjì sí nọ́ọ̀sì kan. Àwọn tí ara wọn ti ń yá bọ̀, mẹ́rin sí ẹnì kan. Àwọn náà kì í rí ìlànà yìí pa mọ́ nígbà gbogbo, wọ́n sì ń pariwo rẹ̀. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, kì í ṣe ohun ìyanu kí nọ́ọ̀sì méjì bá ogún ìkókó mọ́jú, kí iná mọ̀nàmọ́ná lọ láago méjì òru, kí wọ́n sì máa wá ẹni tí kọ́kọ́rọ́ jẹnẹrétọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ kiri.

Ẹ bá mi ṣe ìṣirò rẹ̀, ẹ̀yin tíṣà. Bí ogún ọmọ bá ń jẹun ní wákàtí mẹ́ta-mẹ́ta, tí oúnjẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì gba ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wákàtí márùn-ún ni gbogbo rẹ̀. Bí nọ́ọ̀sì méjì bá pín in, wákàtí méjì àbọ̀ kan ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú wákàtí mẹ́ta. Ìdajì wákàtí ló kù fún abẹ́rẹ́, fún pípààrọ̀ ìdíkù, fún wíwọn ìgbóná ara, fún ìkọ̀wé, àti fún ọmọ tí ó gbàgbé láti mí. Nọ́ọ̀sì náà kò tíì jókòó, kò tíì mu omi. Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, bí ọmọ kan bá ti kú, òun kan náà ni yóò dúró níwájú ìyá.

Ohun tí àwọn nọ́ọ̀sì fúnra wọn kì í yé sọ ni pé kì í ṣe làálàá ló ń dá wọn lágara tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí ń bá wọn lọ sílé, tí kì í jẹ́ kí wọ́n sùn lọ́sàn-án, ni pé wọ́n mọ ohun tí ó yẹ kí wọ́n ṣe fún ọmọ kan, wọn kò sì ní ọwọ́ tí wọn ó fi ṣe é.

OHUN TÍ Ń MÚNI LÁYỌ̀ YÀTỌ̀ SÍ OHUN TÍ Ń LÉNI

Ọ̀mọ̀wé kan ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Frederick Herzberg, pẹ̀lú àwọn méjì mìíràn, tẹ ìwé kan jáde ní 1959 lórí ọ̀ràn òṣìṣẹ́ àti ayọ̀ rẹ̀. Wọ́n bá àwọn ẹnjiníà àti àwọn oníṣirò owó bí igba sọ̀rọ̀ ní agbègbè Pittsburgh, wọ́n ní kí wọ́n rántí ìgbà tí inú wọn dùn jù lẹ́nu iṣẹ́ àti ìgbà tí ó bàjẹ́ jù. Ohun tí wọ́n rí ni pé ọ̀nà méjèèjì kò pàdé. Owó oṣù tí kò tó, ọ̀gá tí ń jágbe mọ́ni, òfin tí kò nítumọ̀, ibi iṣẹ́ tí kò wuyì: ìwọ̀nyí ń lé ènìyàn. Bí a bá tún wọn ṣe, onítọ̀hún yóò dákẹ́ ìráhùn, ṣùgbọ́n èyí nìkan kò tíì sọ ọ́ di aláyọ̀. Inú iṣẹ́ gan-an ni ayọ̀ ti ń wá: pé mo ṣe é, ó yọrí, pé wọ́n mọ̀ pé èmi ni mo ṣe é, pé wọ́n fi ohun tí ó níyì sí ìkáwọ́ mi, pé mo ń gòkè.

Àwọn ọ̀mọ̀wé mìíràn ti bá Herzberg jiyàn láti ìgbà náà, wọ́n ní ààlà náà kò mọ́ tó bí ó ti wí. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń wo iṣẹ́ àwọn tí ń tọ́jú ìkókó, ọ̀rọ̀ náà bá a mu gẹ́gẹ́ bí fìlà ti í bá orí olówó rẹ̀ mu. Iṣẹ́ wo ni èso rẹ̀ tún hàn sí ojú tó báyìí? Ọmọ tí kò wúwo ju páálí ṣúgà méjì lọ wọlé, wọ́n ń wọ̀n ọ́n lójoojúmọ́, ó ń fi gíráàmù mẹ́wàá, gíráàmù ogún lé e, títí ó fi di ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ pọ̀n ọ́n jáde. Kò sí owó oṣù tí ó lè ra inú dídùn ọjọ́ yẹn. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣe ń dúró ju bí ẹni tí ń wòran ti lè rò lọ.

Apá kejì nínú ọ̀rọ̀ náà, pé kí a mọ̀ pé òun ló ṣe é, ibẹ̀ ni gbèsè wa wà.

SÍSÍTÀ TÍ Ó FI OÒRÙN WO IBÀ PỌ́NJÚ

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kan fún yín. Ní ilé ìwòsàn Rochford, ní ẹkùn Essex nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Sísítà Jean Ward ló ń bójú tó wọ́ọ̀dù àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé. Ó gbà pé atẹ́gùn àti oòrùn ìta ń ṣe ọmọ lóore ju ooru wọ́ọ̀dù lọ, nítorí náà bí ojú ọjọ́ bá dára, a máa gbé àwọn tí ara wọn le díẹ̀ jáde sí àgbàlá. Ní ọdún 1956, bí àwọn dókítà ti ń yí wọ́ọ̀dù ká, ó tú ọmọ kan hàn wọ́n. Ara ọmọ náà ti mọ́ díẹ̀ kúrò nínú ibà pọ́njú, àfi ibì kan tí ó ní igun mẹ́ta, tí ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Dókítà àgbà rò pé oògùn ni wọ́n fi kùn ún. Sísítà ní rárá o, oòrùn ni. Ibi tí ó pọ́n yẹn ni igun aṣọ bò nígbà tí ọmọ wà níta.

Kò pẹ́ lẹ́yìn èyí ni wọ́n gbàgbé ìgò ẹ̀jẹ̀ ọmọ oníbà pọ́njú kan sí ojú fèrèsé níbi tí oòrùn ń tàn sí. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, èròjà pípọ́n inú rẹ̀ ti dín kù gan-an. Dókítà Richard Cremer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ di ọ̀rọ̀ náà mú, wọ́n kan àpótí oníná búlúù, wọ́n dán an wò lára àwọn ọmọ, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde nínú ìwé àwọn oníṣègùn tí ń jẹ́ Lancet ní 1958. Iná búlúù tí ẹ ń rí lónìí lórí àwọn ìkókó tí wọ́n fi aṣọ bò lójú, ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Àìmọye ọmọ ló ti yọ lọ́wọ́ odi, lọ́wọ́ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rírọ, àti lọ́wọ́ ikú, nítorí ibà pọ́njú tí ó bá gun orí dé ọpọlọ kì í fi í sílẹ̀ bí ó ti bá a. Orúkọ àwọn mẹ́ta ló wà lórí ìwé ọdún 1958 náà: Cremer, Perryman àti Richards. Orúkọ Sísítà Ward kò sí lára wọn.

Oòrùn kan náà padà wá ràn ní ilẹ̀ wa. Nítorí iná mọ̀nàmọ́ná tí kì í dúró, àwọn oníṣègùn ta ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí àtíbàbà ní ilé ìgbẹ̀bí Island Maternity ní Èkó. Ike yìí ń dá ìtànṣán tí ń jóni dúró, ó sì ń jẹ́ kí èyí tí ń wo ibà pọ́njú kọjá. Nínú àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2015 lórí 447 ọmọ, oòrùn tí a sẹ́ báyìí ṣiṣẹ́ bí iná búlúù ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n tún ṣe irú rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ fún àwọn tí tiwọn le jù bẹ́ẹ̀ lọ, àbájáde rẹ̀ sì jáde ní 2018. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má tìtorí èyí sá ọmọ sóòrùn lásán lẹ́yìnkùlé kí ó ní òun ń wò ó. Oòrùn tí a kò sẹ́ lè jó ọmọ, ó sì ń fi àkókò ṣòfò. Lábẹ́ àtíbàbà yẹn, ẹnì kan ní láti máa wọn ìgbóná ara ọmọ lóòrèkóòrè, kí ó gbé e kúrò bí ó bá gbóná jù, kí ó wá aṣọ bí ó bá tutù. Ẹ mọ ẹni tí ó jẹ́.

Ẹni tí ojú rẹ̀ mọ́ tó báyìí, ẹ̀kọ́ rẹ̀ kì í ṣe ti ọjọ́ kan. Ọdún ni yóò fi mọ ìyàtọ̀ láàárín ọmọ tí ń sùn àti ọmọ tí ń lọ. Kí ni ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn wa ń ṣe? Bí ó bá ti mọ̀ ọ́n tán, wọn a kọ lẹ́tà kan, wọn a ní kí ó lọ sí wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin tàbí ibi tí wọ́n ti ń wo eyín, nítorí pé àsìkò ìyípadà ti tó. Wọn a mú ẹlòmíràn tí kò tíì gbé ọmọ olóṣù méje rí wá síbẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn ọ̀gá ní ìdí tiwọn. Wọ́n ní kí gbogbo nọ́ọ̀sì lè mọ gbogbo iṣẹ́, kí ìnira wọ́ọ̀dù kan má sì wà lórí ẹnì kan ṣoṣo. Ó dára fún ẹni tí ń kọ́ṣẹ́. Fún ẹni tí ó ti mọ̀ ọ́n dé gongo, tí ó sì fẹ́ dúró, mo rò pé ìfiṣòfò gbáà ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta aṣọ òkè, ṣé ẹ ó mú ahunṣọ tí ọwọ́ rẹ̀ yá jù kúrò nídìí òfì kí ó lọ máa ro oko?

OWÓ ÀTI Ọ̀NÀ ÒKÈ ÒKUN

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo ní kí nọ́ọ̀sì máa jẹ ìyìn. Ìyìn kò ṣeé fi san owó ilé. Ní ọjọ́ 30 oṣù keje ọdún 2025, ẹgbẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì olọ́jọ́ méje; owó iṣẹ́ òru àti owó aṣọ iṣẹ́ wà nínú ohun tí wọ́n ń béèrè, bẹ́ẹ̀ ni kí a gba nọ́ọ̀sì sí i. Wọ́n dá a dúró ní ọjọ́ kejì oṣù kẹjọ lẹ́yìn tí ìjọba bá wọn ṣe àdéhùn. Ní oṣù kejì ọdún 2024 náà, wọ́n ti tú síta ní Àbújá àti ní Èkó nítorí òfin tuntun kan tí ó ní kí nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ fi ọdún méjì ṣiṣẹ́ nílé kí ìgbìmọ̀ tí ń bójú tó wọn tó fi ọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ fún ilẹ̀ mìíràn.

Mo lóye ohun tí ìgbìmọ̀ náà ń bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí a dí fún ọdún méjì, ní ọdún kẹta yóò là, ẹni tí ó sì ń kà ọjọ́ lórí ògiri kì í ṣe ẹni tí ń fi ọkàn ṣọ́ ọmọ. Kofoworola Abeni Pratt lọ sí London láti kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní 1946, ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ó sì padà wálé. Kò sí òfin tí ó fà á padà. Ohun tí ó bá nílé ni ilé ìwòsàn ńlá UCH tuntun ní Ìbàdàn, pẹ̀lú iṣẹ́ tí ó ní àtẹ̀gùn, ó sì gun àtẹ̀gùn náà títí ó fi di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ mẹ́tírọ́ọ̀nù níbẹ̀. Lónìí, nọ́ọ̀sì tí ó fi owó ara rẹ̀ lọ kọ́ ìtọ́jú ìkókó ní àkànṣe lè padà dé kí ó bá ipò kan náà àti owó kan náà tí ó fi sílẹ̀.

ÈYÍ TÍ Ó WÀ LỌ́WỌ́ WA

Ọ̀rọ̀ owó, ìjọba ló ni ín. Ṣùgbọ́n àwọn nǹkan kan wà tí kò dé ọ̀dọ̀ ìjọba. Èkíní ni kàfúrà, ìyẹn bọ́ọ̀lù funfun olóòórùn líle tí a fi ń lé kòkòrò nínú àpótí aṣọ. Láàárín ọkùnrin Yorùbá, nǹkan bí ẹnì kan nínú márùn-ún ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ní tó nínú èròjà kan tí àwọn dókítà ń pè ní G6PD. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá wọ aṣọ tí kàfúrà ti wà nínú rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí fọ́, ibà pọ́njú a sì dé wìtìwìtì. Ẹ̀yin ìyá àgbà tí ẹ tọ́jú aṣọ ìkókó sínú àpótí láti ọdún mẹ́wàá, ẹ má kó kàfúrà sí i mọ́. Ọmọ kan tí kò wá sí wọ́ọ̀dù yẹn, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló fi kún ọwọ́ nọ́ọ̀sì nígbà kọ̀ọ̀kan tí oúnjẹ bá tó.

Èkejì ni ìyá ọmọ. Ní Bogotá, ní orílẹ̀-èdè Kòlóńbíà, láti 1978 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí dì ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé mọ́ àyà ìyá rẹ̀, ara kan ara, kí ooru ìyá lè máa mú un móoru. Àwa tí a ń pọnmọ, kò yẹ kí ó jọ wá lójú. Àyà dípò ẹ̀yìn ni. Àjọ ìlera àgbáyé wá ṣe ìdánwò rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè márùn-ún, Ilé-Ifẹ̀ wà lára ibi tí wọ́n ti ṣe é, àbájáde rẹ̀ sì jáde ní 2021. Níbi tí ìyá ti gbé ọmọ kékeré náà sí àyà láti ìbẹ̀rẹ̀, tí kò dúró di ìgbà tí ara ọmọ bá le, 12 ló kú nínú ọgọ́rùn-ún. Níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ dúró, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 16. Ìyá tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀ tọ̀sán tòru di ojú kẹta fún nọ́ọ̀sì. Ìbùsùn àti oúnjẹ ìyá náà, ẹgbẹ́ ọjà tàbí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú lè gbé e. Mo ti rí ẹgbẹ́ tí ó ra ọ̀gbàrá àga fún gbọ̀ngàn tí a ń ṣí lẹ́ẹ̀kan lọ́dún.

Ẹ̀kẹta kéré. Bí a bá gba ọmọ yín là, ẹ̀yin ẹbí a máa gbé ẹran àti ohun mímu lọ fún dókítà. Ẹ kọ lẹ́tà pẹ̀lú. Ẹ kọ ọ́ sí mẹ́tírọ́ọ̀nù ilé ìwòsàn náà, ẹ sọ ohun tí nọ́ọ̀sì ṣe ní pàtó: òru wo, ọmọ ta ni, kí ló rí tí ẹlòmíràn kò rí. Tíṣà tí ó wà nínú ẹbí lè bá ìyá tí kò mọ̀wé kọ ọ́. Ẹ béèrè orúkọ rẹ̀ kí ẹ tó kúrò ní wọ́ọ̀dù, kí ẹ sì kọ ọ́ pé pérépéré, nítorí lẹ́tà tí ó bá kàn sọ pé nọ́ọ̀sì pupa kan báyìí ló ràn wá lọ́wọ́, kò sí fáìlì tí wọn ó fi í sí.